Ẹní Tó Ku Apá Kan

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá èmi àti ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún tí owó epo já wálẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ wa ní ìhà gúúsù Calgary máa ń ṣe àgbá irin ńláńlá fún àwọn oníepo. Nígbà tí àwọn oníepo kò ra àgbá mọ́, ọ̀gá pè wá jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kọfí, ó ka orúkọ láti inú ìwé pélébé kan, ó ní kí àwọn tí òun ka orúkọ wọn lọ kó ẹrù wọn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi ni mo ń yẹ ojú irin wò níbẹ̀ kí àgbá tó jáde. Wẹ́dà ni ọ̀rẹ́ mi, òun ló ń jó irin pọ̀.

Ọmọ Philippines ni, láti ìlú kékeré kan ní etí òkun. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, nítorí náà Kuya ni ó ń pè mí. Bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin ní èdè wọn nìyẹn. Èmi náà kọ́ ọ ní "àbúrò". English ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, English tirẹ̀ àti English tèmi, ọ̀kan kò sì sàn ju èkejì lọ.

Àárín wa kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá iṣẹ́ rẹ̀ padà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ibi tó jó, mo wò ó, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i.

"Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Mo wò ó. "Tún un ṣe."

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè. Ó ní, "Kuya, bí ìyàwó yín bá se ọbẹ̀, ṣé ẹ máa ń fa ṣọ́ọ̀kì sí òun náà ni?"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un lẹ́yìn náà, nítorí ní ọjọ́ kejì ó wá bá mi níbi tí mo ti ń dá jẹun, ó gbé abọ́ ike kan síwájú mi, ó jókòó. Ìrẹsì ni, àti ẹja gbígbẹ mẹ́ta, àti ọtí kíkan nínú ìgò kékeré, tí wọ́n gé ata àti áyù sí.

Ẹja gbígbẹ kì í ṣe àjèjì sí mi. Ṣùgbọ́n iná ni àwa fi ń gbẹ tiwa, títí yóò fi dúdú. Tiwọn kò rí iná rárá. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti là á, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ìwé tí a ṣí, wọ́n fi iyọ̀ pa á, wọ́n sì sá a sí oòrùn. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni wọ́n ń dín in. Mo ki ìkan bọ inú ọtí kíkan náà bí ó ṣe ṣe. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Mo jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti ọjọ́ yẹn la ti jọ ń jẹun.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ẹja náà, nínú garage ilé tí ó yá ní àdúgbò Sunridge. Ó ní nílé wọn, bí ọkọ̀ ojú omi bá ti gúnlẹ̀, àwọn obìnrin á ti dúró pẹ̀lú ọ̀bẹ àti iyọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹja sórí àtẹ ọparun lẹ́bàá òkun, afẹ́fẹ́ àti oòrùn á sì ṣe ìyókù. Calgary kò ní òkun. Fáànù ni ó ń tàn sí i ní garage. Ṣùgbọ́n bí chinook bá dé, afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn tó ń ti orí òkè wá láàárín òtútù, tó ń yọ́ snow láàárín ọjọ́ kan, inú rẹ̀ á dùn. Á kó gbogbo ẹja jáde, á so wọ́n kọ́ sórí okùn ní ẹ̀yìnkùlé bí aṣọ tí a fọ̀. Ó máa ń wo ojú ọ̀run níbi iṣẹ́ bí apẹja.

Ní ìgbà kan, aládùúgbò rẹ̀, òyìnbó kan, kan ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Mo rò pé nǹkan kan ti kú ní ẹ̀yìnkùlé yín."

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ogún ni wọ́n."

Ó tún ní edé wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ sínú ìgò títí yóò fi di bí àmọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kó ṣí i nínú ilé. Ọmọ ìgboro ni ìyàwó rẹ̀, wọ́n bí i sí olú-ìlú wọn, àwọn arúgbó ni ó ń tọ́jú ní Calgary. Nígbà tí mo gbọ́ òórùn edé náà, mo gbé irú lọ fún ọ̀rẹ́ mi. Ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i.

"Kuya, ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì."

Ìyàwó rẹ̀ pariwo láti ilé ìdáná pé kí a gbé ìyá náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá wa dúró, a máa ń ríra ní ọjọ́ Tuesday àti Friday. Ní Beltline, nítòsí àárín ìlú, ni mo ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀, nítorí mo ti ta ilé tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Láti ojú fèrèsé mi, mo ń rí àwọn ilé gíga àwọn oníepo. Àjà tó pọ̀ nínú wọn ni kò ní ẹnikẹ́ni mọ́. Màá wọ train lọ sí Sunridge, a ó jókòó sí garage, a ó kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, a ó jẹ ẹja. Kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Àwọn tó kàwé jù wá lọ ń wa takisí.

Ó ń rù. Ó ní ìrònú ni. Nígbà tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ, ìyàwó rẹ̀ fà á lọ sí ilé ìwòsàn. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni. Dókítà sọ oṣù fún wọn, kò sọ ọdún.

Oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára pa ìka ọwọ́ rẹ̀. Kò lè de bọ́tìnnì aṣọ mọ́. Wẹ́dà ni o. Mo ti rí ọwọ́ yẹn tó jó irin nínú ihò tí ẹlòmíràn kò lè ki orí bọ̀. Mo ń wò ó tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife bí ọmọdé.

Inú oṣù kan náà ni ìyá rẹ̀ kú nílé. Kò lè lọ.

Ará ìlú wọn kan tó lọ sí ìsìnkú náà ni ó gbé ẹní bọ̀ fún un. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Ó ká a bí ọ̀pá, ó fi ọ̀rá dì í. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí àga onítìmùtìmù pẹ̀lú kúbùsù lórí itan. Ìyàwó rẹ̀ àti èmi tú ẹní náà sí ilẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ni ó ń hun ún. Iṣẹ́ tí ìlú wọn mọ̀ nìyẹn, ẹja àti ẹní. Ewé kan wà tó ń hù ní etí òkun wọn, tó gùn, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀gún. Wọn a yọ ẹ̀gún rẹ̀, wọn a sè é, wọn a sá a, wọn a fi òkúta wúwo yí i mọ́lẹ̀ kó lè rọ̀, lẹ́yìn náà ni wọn á là á sí fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́. Wọn a pa àwọn kan láró pupa àti àwọ̀ ewé. Nígbà tí ìyá náà gbọ́ pé ọmọ òun ń ṣàìsàn, ó ní ara tó ń gbóná kò gbọdọ̀ máa sùn lórí fóòmù. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹní. Ó hun ún dé ibi tí ikú ti pa á. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó ti parí. Ní ìparí, àwọn fọ́nrán náà tú yẹ́ẹ́ bí irun. Wọ́n di ìdì ewé mìíràn tó kù mọ́ ọn.

Ọ̀rẹ́ mi na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan ẹní náà.

Ó ní, "Mo fẹ́ sùn lé e. Kí n tó lọ. Mi ò fẹ́ nǹkan míì."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ta ni yóò hun ìyókù? Èmi? Ẹní inú ilé ìtajà ni èmi mọ̀."

Ọkùnrin kì í hun ẹní ní ìlú wọn.

Mo ní, "Mo mọ ẹní hun."

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi.

N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Canada rí. Iṣẹ́ ìyá mi nìyẹn. Ọ̀pá ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ni a máa ń lò nílé wa. A ó là á, a ó sá a, a ó hun ún. Èmi ni àkọ́bí, bàbá mi ti kú, mo sì jókòó ti ìyá mi nídìí ẹní títí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá kí n tó wọ kíláàsì kìíní. Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì kò ga ju àyà mi lọ. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó jáde ní pólì. Ìtìjú ni mo kà á sí fún ìgbà pípẹ́. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ní, "Kuya, ẹ̀yin? Pẹ̀lú ojú yín yìí?"

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn ún níkùn. Ó di ikùn mú, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń fa ṣọ́ọ̀kì."

Mo gbé ẹní náà wọ train lọ sí Beltline.

Iṣẹ́ náà kò rí bí mo ṣe rò. Tiwa máa ń lọ tààrà, ọ̀kan ní òòró, ọ̀kan ní ìbú. Tiwọn máa ń dábùú, igun ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kò pa mí lára, mo kọ́ ọ ní ọjọ́ mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ Calgary ló dá mi lóró. Afẹ́fẹ́ náà gbẹ. Ewé tí wọ́n hun ní etí òkun, tí ìrì òkun ń sẹ̀ sí lójoojúmọ́, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó dá pàù. Nílé, omi ni a máa ń wọ́n sí i. Mo wọ́n omi sí i, aró pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Mo dúró kíá. Ó ti kan ìlà méjì.

Níkẹyìn, mo gbé ẹní náà wọ bathroom. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tú omi gbígbóná sílẹ̀ títí èéfín fi kún ibẹ̀, mo jókòó sórí ìdérí ìgbọ̀nsẹ̀, mo sì ń hun. Nínú èéfín yẹn, ewé náà rọ̀. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, màá tún tú omi sílẹ̀. Aṣọ mi á tutù. Ògiri á máa làágùn. Ọkùnrin tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́ta, tó ń hun ẹní ní bathroom.

Ọwọ́ mi ti gbàgbé, ṣùgbọ́n kò gbàgbé tán. Ohun tí kò jẹ́ kí n sinmi ni ọwọ́ ìyá ọ̀rẹ́ mi. Tirẹ̀ fún dáadáa, kò sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá. Tèmi ṣe gbẹ̀rẹ́. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì iṣẹ́ mi síta, mo tàn án sí abẹ́ rẹ̀. Níbi tí tirẹ̀ parí, òkùnkùn. Níbi tí tèmi bẹ̀rẹ̀, ihò wẹ́wẹ́, bí asẹ́. Mo tú u. Mo tún un hun. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Mo tún un tú.

Ní Tuesday àti Friday, ọ̀rẹ́ mi a béèrè.

"Kuya, ṣé ó ti tó ẹni sùn?"

"Kò tíì parí."

"Ó ti tó báwo?"

Màá fi ọwọ́ méjèèjì wọ̀n ọ́n hàn án.

Á wo àárín ọwọ́ mi. "Ó ti gùn."

"Ó ku apá kan."

Á mi orí, á sì yí ọ̀rọ̀ padà sí nǹkan mìíràn. Nígbà míì ó máa ń ṣàlàyé bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣẹ́ etí ẹní. Nígbà míì, oúnjẹ. Kò lè jẹun mọ́. Ìyàwó rẹ̀ a máa se ìrẹsì tó lẹ̀ mọ́ra, pẹ̀lú omi àgbọn, a máa pọ́n ọn sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rà nínú yìnyín ní ilé ìtajà àwọn Asia. Bí ẹ̀kọ ni. Òun a máa bá a wí láti orí àga pé ó pọ́n ọn nípọn jù, pé ọmọ ìgboro ni lóòótọ́. Èmi ni màá jẹ ẹ́. Òun á gba ewé náà, á fi bo imú.

Ní Friday kan, ó ní, "Ẹ lè gbé e wá síbí hun, Kuya. Bathroom wa tóbi."

Mo ní rárá, kò yẹ kí n máa da ilé rú mọ́ aláìsàn. Mo rò pé ó ń ṣàánú mi nítorí train ni.

Ìdí mìíràn wà tí n kò sọ. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kan ẹní tí a kò tíì parí. Kò sí ìjókòó lé e, kí a má tilẹ̀ wá sọ ti oorun. Ọmọ aládùúgbò kan sùn lọ lórí ọ̀kan nígbà kan, ọmọ ọdún méjì. Ìyá mi gbé ọmọ náà kúrò jẹ́jẹ́, ó sì tú gbogbo ẹní náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo bá a kó ọ̀pá rẹ̀ jọ. Ó ní ẹni tó bá sùn lé ẹní tí kò parí, ẹní òkú ni a tẹ́ fún un. Mo kàwé, mo ti rí ayé, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rẹ́ mi bá ń wo ọwọ́ mi méjèèjì, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbọ́. N kò fẹ́ tẹ́ ẹní òkú fún un.

Ọmọ mi obìnrin pè mí láti Toronto. Mo sọ fún un pé mò ń hun ẹní.

"Daddy, are you okay?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Just give it to him like that."

"Kò tíì parí."

"Daddy, he's not going to mark it."

Mo ní kò yé e. Mo béèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀, a sì sọ ìyẹn títí ó fi ní òun fẹ́ lọ.

Ní òwúrọ̀ Monday kan, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi pè. Wọ́n ti gbà á sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Sunridge. Ó ní kí n wá. Kò mẹ́nu ba ẹní. Ní àárọ̀ yẹn gan-an, mo ti tú ìlà mẹ́rin nítorí fọ́nrán pupa kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà. Bí mi ò bá tú u ni, ó ku bí ìbú ọwọ́ kan. Mo wo ohun tó kù, mo ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ méjì. Mo ní tí n bá lọ lónìí láìmú un dání, tí mo bá sì parí rẹ̀ ní Wednesday, yóò sùn lé e ní Wednesday.

Mo lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń sùn. Èémí rẹ̀ jìnnà síra. Ìyàwó rẹ̀ jókòó pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, kò tíì délé láti àná. Mo dúró níbẹ̀ fún bí wákàtí kan. Ọ̀rẹ́ mi la ojú lẹ́ẹ̀kan.

"Kuya."

"Àbúrò. Ó di Wednesday."

Kò béèrè kí ni yóò di Wednesday. Ó wo ọwọ́ mi, ó pa ojú dé.

Ní ọjọ́ Tuesday, mo wọ bathroom kí n tó jẹun. Iṣẹ́ náà lọ dáadáa. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ mi fún bíi tìyá rẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì, kò sí ihò. Mo rántí pé inú mi dùn. Inú mi dùn gan-an. Omi ń dún, ilẹ̀kùn wà ní títì, fóònù wà lórí tábìlì ní pálọ̀. Nígbà tí mo jáde láti wá omi mu, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ti pè mí lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi ti kú ní agogo mọ́kànlá.

N kò padà sínú bathroom. Mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ilé aládùúgbò ìsàlẹ̀ ni mo ti lọ wẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mo ní omi mi bàjẹ́.

Wọ́n sin ín ní Calgary. Ọ̀pọ̀ èèyàn wá, àwọn wẹ́dà, àwọn tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ará ìlú wọn. Oúnjẹ pọ̀. Kò sí ẹja yẹn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ wá sí Beltline. Ọ̀sán ni, ibi iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní òun wá gbé ẹní.

Mo ní, "Kò tíì parí. N kò tún fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ náà."

"Mo mọ̀."

Mo gbé e wá, àti ìdì ewé tó kù. Ó ní kí a tẹ́ ẹ. Pálọ̀ mi kò gbà á, a jọ gbé tábìlì kúrò. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá ibi tí ìyá náà parí dé ibi tí mo bẹ̀rẹ̀, kò dúró. N kò mọ̀ bóyá ó rí i.

"Ó tó ẹni sùn láti ọjọ́ tó ti dé, Kuya."

Mo ní, "Kò tíì parí."

"Ta ló bi yín ní ìyẹn?" Kò pariwo. "Ní ìlú wọn, orí ẹní tí ìyá ń hun lọ́wọ́ ni ọmọ ń sùn. Ó ti sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà. Orí ọmọ á wà níbi tó ti parí, ẹsẹ̀ ọmọ á wà níbi tí ìyá ti ń hun. Tó bá ń hun, ọwọ́ rẹ̀ á máa kan ọmọ náà ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyẹn ló fi ń sùn. Ìyẹn ni ó fẹ́."

Mo dúró.

"Nígbà tó ní kí ẹ wá hun ún nílé wa, kí ni ẹ rò pé ó ń sọ?"

Mo ní, "Ó sọ pé bathroom yín tóbi."

"Báwo ni kó ṣe sọ ọ́? Kó ní, Kuya, ẹ wá jókòó sí ẹsẹ̀ mi bí ìyá mi?"

Mo wo ilẹ̀kùn bathroom mi.

"Mo ní kí n bá a sọ fún yín. Ó ní rárá. Ó ní Kuya ń ṣe é bó ṣe yẹ, kí n má yọ yín lẹ́nu." Ó nu imú rẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ. "Títí dé ọjọ́ Monday, ó ṣì ń dúró dè yín. Mo bínú sí i. Mo bínú sí ẹ̀yin náà."

Mo fẹ́ sọ ti ìyá mi fún un, àti ti ọmọ ọdún méjì yẹn, àti ẹní òkú. Mo la ẹnu. Mo rí i pé àlàyé ni, mo pa ẹnu dé.

Mo ní, "Ó yẹ kí o bínú."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní náà pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó yíjú sí ògiri, ó ká orúnkún díẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń sùn hàn mí ni. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ti sùn.

Mo jókòó sórí àga. Ojú fèrèsé mọ́lẹ̀, snow ń bọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun tí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn máa ń wọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan àwọn fọ́nrán tí n kò tíì hun. Tó bá mí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á mì, àwọn ewé náà á dún. Àyè wà níbẹ̀ fún ẹnì kan láti jókòó. Mo mọ iṣẹ́ náà. Ìdì ewé tó kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, mi ò níí ṣe ju kí n na ọwọ́.

N kò dìde.

Ó sùn fún bí wákàtí méjì. Nígbà tó jí, ó béèrè aago, mo sọ fún un. Ó ní bọ́ọ̀sì òun ti fẹ́ dé. Ó wọ bàtà, mo kúnlẹ̀ sí apá ìdí, òun sí apá orí, a ká ẹní náà papọ̀. Ó gba ìdì ewé náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó sì gbé e padà sórí àga.

Ó ní, "Wọ́n á gbẹ lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń rọ̀."

Mo gbé ẹní náà tẹ̀ lé e dé ibùdókọ̀.